Ètò rọ́bà rẹ́gúlétọ̀ fún ìmòòkùn

Ètò rọ́bà rẹ́gúlétọ̀ ni ọ̀nà tí amòòkùn gbà yan àwọn rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn láti inú sìlíńdà ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ẹnu, sí jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó àti sí géèjì: iye wọn, gígùn wọn, ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n àti ipa tí wọ́n gbà lára. Ìmòòkùn ni wíwọ abẹ́ omi lọ. Ti ìgbafẹ́, tí wọ́n ń fi sìlíńdà scuba ṣe, kì í sábà kọjá 40 mítà. Rọ́bà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lára rẹ́gúlétọ̀ ìgbafẹ́. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ẹni tó gbé sìlíńdà. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹlòmíràn tí atẹ́gùn rẹ̀ bá tán lábẹ́ omi, lórí rọ́bà kan ṣoṣo yìí sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nípa ètò rọ́bà dá lé.

Ní Mainland Èkó, níbi tí Yábàá ti fẹ̀gbẹ́ kan ọ̀sà, omi lè ṣú débi pé amòòkùn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ètò tó tẹ́ni lọ́rùn nínú omi mímọ́ gaara Òkun Pupa lè di ìdàrúdàpọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú kò lè rí, ọwọ́ ni yóò wá a kàn.

Bí rẹ́gúlétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ sìlíńdà gáàsì ìdáná rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìfúnpá gáàsì inú sìlíńdà ga ju ohun tí sítóòfù lè gbà lọ. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń rọ̀ ọ́ kí rọ́bà tó gbé e dé ìdí iná. Rẹ́gúlétọ̀ amòòkùn ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Atẹ́gùn inú sìlíńdà scuba tó kún máa ń wà ní 200 bar tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele kìíní, tí wọ́n dè mọ́ ẹnu sìlíńdà, a rọ̀ ọ́ wálẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí 9 tàbí 10 bar lórí ìfúnpá omi tó yí amòòkùn ká. Ìpele kejì, tí amòòkùn há sẹ́nu, a tún rọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n ìfúnpá omi náà gan-an, kì í sì í fún un ní atẹ́gùn àfi nígbà tó bá fà á.

Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ ni pé ti ìdáná kò ní í yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ti amòòkùn sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé jíjìn omi. Lórí ilẹ̀, ìfúnpá afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 1 bar. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ̀ lọ nínú òkun ń fi nǹkan bí 1 bar kún un: 2 bar ní mítà 10, 4 bar ní mítà 30. Bí ẹ̀dọ̀fóró kò ṣe tóbi sí i, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn inú rẹ̀ ki ní ìlọ́po mẹ́rin, èémí kan ní mítà 30 ń jẹ atẹ́gùn sìlíńdà ní ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀.

Láti ara ìpele kìíní ni gbogbo rọ́bà ti ń jáde. Àwọn ihò rẹ̀ oríṣi méjì ni. Ihò ìfúnpá gíga, tí ó sábà máa ń jẹ́ méjì, ń fún géèjì ní atẹ́gùn bí ó ṣe wà nínú sìlíńdà. Ihò ìfúnpá kékeré, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, ni ti àwọn rọ́bà yòókù. Àwọn tó ń ṣe rẹ́gúlétọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìṣó ihò méjèèjì yàtọ̀ ní ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà de rọ́bà ìmí mọ́ ibi tí 200 bar ti ń jáde. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: bí rọ́bà géèjì bá bẹ́, atẹ́gùn kì í yára tán bíi ìgbà tí rọ́bà ìmí bá bẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpá tirẹ̀ ló ga jù. Ihò tó ń bọ́ rọ́bà géèjì kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ti rọ́bà ìmí sì fẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ lè bọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Rọ́bà ìmí tó bẹ́ ni ó léwu jù, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìtàn ní ṣókí

Ní 1860 ni Benoît Rouquayrol, onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà ará Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fúnni ní atẹ́gùn kìkì nígbà tí èèyàn bá fà á. Òun àti Auguste Denayrouze, ọmọ ogun ojú omi, ni ó sọ ọ́ di ohun èlò ìmòòkùn láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe èyí tí wọ́n wá ń pè ní Aqua-Lung. Rọ́bà rẹ̀ méjì ni, ó nípọn, ó sì ń dì bí ọ̀fun: ọ̀kan ń gbé atẹ́gùn bọ̀, èkejì ń gbé èémí tí a mí jáde padà sẹ́yìn. Ní 1952, ní Melbourne lórílẹ̀-èdè Australia, Ted Eldred gbé Porpoise jáde, tí ó ya ìpele méjèèjì sọ́tọ̀, tí ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀. Àwòṣe yẹn ni gbogbo rẹ́gúlétọ̀ òde òní.

Nígbà yẹn, bí atẹ́gùn ẹnìkan bá tán, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò máa gba ẹnu ìmí kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn, èémí méjì fún ọ̀kan, èémí méjì fún èkejì. Ó rọrùn nínú adágún ìwẹ̀. Nínú òkun, ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sábà fi nǹkan sílẹ̀ mọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn amòòkùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ìpele kejì àfikún mọ́ rẹ́gúlétọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń pè é ní octopus nítorí rọ́bà tó pọ̀ lára rẹ̀ bí apá ẹja náà.

Rọ́bà mẹ́rin náà

Nínú ètò tó wọ́pọ̀ jù, rọ́bà ìmí ti amòòkùn fúnra rẹ̀ gba orí èjìká ọ̀tún, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 70 sí 75 sẹ̀ǹtímítà. Ìpele kejì àfikún náà gba ọwọ́ ọ̀tún. Rọ́bà rẹ̀ gùn tó 90 sí 100 sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jẹ́ yẹ́lò kí ojú lè tètè rí i. Lọ́wọ́ òsì ni rọ́bà jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó wà, tó ń fi atẹ́gùn sínú jákẹ́ẹ̀tì kí amòòkùn má baà rì jù tàbí léfòó jù, àti rọ́bà géèjì, tí ó máa ń gùn tó 80 sí 90 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn kan ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìfúnpá sìlíńdà ránṣẹ́ sí aago ọwọ́ wọn rọ́pò géèjì, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ dín rọ́bà kan kù.

Ara ni wọ́n fi ń wọn rọ́bà. Bí amòòkùn bá yí orí sí òsì tí rọ́bà sì fa ẹnu ìmí lẹ́nu rẹ̀, ó kúrú jù. Bí ó bá ta bí ọrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó gùn jù, yóò sì máa kọ́ nǹkan. Èyí kò ṣeé mọ̀ nílé ìtajà. Inú omi tí kò jìn ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, irú adágún ìwẹ̀ tí wọ́n kọ́ sí pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà kejì ní 1973, kí amòòkùn tó gbé ohun èlò rẹ̀ lọ sí òkun. Àwọn mìíràn ń fi ìdè tó ń yí sáàárín rọ́bà àti ẹnu ìmí kí ó má baà fa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń tu ni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òrùka rọ́bà kékeré mìíràn tó lè jò ti kún ìyẹn.

Ta ni yóò lo rọ́bà kẹrin?

Nínú ètò octopus, ẹni tí atẹ́gùn rẹ̀ tán ni yóò mú ìpele kejì yẹ́lò níbi tí ó so kọ́, láàárín àgbọ̀n àti ìhà ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ kò ní yọ ohunkóhun lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn púpọ̀ ni ó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti ṣàlàyé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìpele kejì tí ẹnikẹ́ni kò mí nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà lè ti já kúrò níbi tí wọ́n fi kọ́, kí ó máa wọ́ lórí iyanrìn, kí ẹrẹ̀ sì ti kún ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ gan-an ni wọn yóò tó mọ̀.

Inú ihò àpáta tó kún fún omi ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ètò kejì ti wá. Ọ̀nà tóóró ni àwọn amòòkùn ibẹ̀ ń gbà, ẹni méjì kò lè jáde níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo rọ́bà tó gùn tó 210 sẹ̀ǹtímítà. Sheck Exley, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, kọ ìwé kan ní 1979 tí ó fi ń ṣe àyẹ̀wò bí àwọn amòòkùn inú ihò ṣe ń kú, kí àwọn tó kù lè fi kọ́gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ kú sínú omi ní Mexico ní 1994. Orúkọ ẹlòmíràn nínú wọn, William Hogarth Main, ni wọ́n fi ń pe ètò náà: Hogarthian. Rọ́bà gígùn náà a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, a gba abẹ́ abíyá ọ̀tún, a kọjá láyà lọ sí òsì, a yí ẹ̀yìn ọrùn po, a sì dé ẹnu láti ọ̀tún. Ìpele kejì àfikún kúrú, nǹkan bí 55 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wà lábẹ́ àgbọ̀n lórí okùn rọ́bà tí amòòkùn gbé kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ohun tó yí padà jù ni ẹni tó ń fúnni àti ohun tó ń fúnni. Nínú ètò yìí, amòòkùn a yọ èyí tó wà lẹ́nu tirẹ̀, a sì nà án sí ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹnu wá èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ìdí méjì ni wọ́n ń sọ. Àkọ́kọ́, èyí tó wà lẹ́nu kò ní iyèméjì nínú: ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹnìkan ń mí nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì, ẹni tí èémí há mọ́ láyà kì í sábà wá àwọ̀ yẹ́lò kiri. Ẹnu ìmí tó rí lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò fà yọ. Ètò náà gba ìwà èèyàn bí ó ṣe rí, ó sì pèsè sílẹ̀ dè é.

Àléébù tirẹ̀ náà wà. Bí okùn iná tàbí àpò bá gba orí rọ́bà náà kọjá, kò ní lè nà nígbà tí wọ́n bá fà á. Ẹni tí kò bá fi kọ́ra yóò kan fi rọ́bà gígùn wé ara rẹ̀ lọ́rùn lásán ni. Ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sì ní mọ̀ bí wọn kò bá sọ fún un kí wọ́n tó wọ omi. Láàárín ètò méjèèjì ni rọ́bà 100 tàbí 150 sẹ̀ǹtímítà wà, tí ó gba abẹ́ abíyá, tí ìpele kejì kékeré sì wà lọ́rùn. Fún ẹni tí kì í wọ ihò tàbí ọkọ̀ tó rì, ètò àárín yìí ló bọ́gbọ́n mu jù.

Ìṣirò atẹ́gùn

Ìdí tí ìṣẹ́jú kan fi ṣe pàtàkì hàn nínú ìṣirò kékeré kan. Sìlíńdà lítà 12 tó kún dé 200 bar gba lítà 2,400 atẹ́gùn. Àṣà ni pé kí amòòkùn fi 50 bar sílẹ̀ fún pàjáwìrì, èyí jẹ́ lítà 600. Ká ní èèyàn méjì ń mí láti inú sìlíńdà kan ní mítà 30, tí ẹ̀rù sì mú kí olúkúlùkù máa lo lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan ní ìwọ̀n orí ilẹ̀. Nítorí jíjìn, àwọn méjèèjì yóò lo lítà 240 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ń gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, ìgòkè náà yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lé díẹ̀, yóò sì jẹ nǹkan bí lítà 500 láìdúró níbì kankan. Ó kù lítà 100. Ìṣẹ́jú kan péré tí wọ́n bá fi wá ẹnu ìmí kiri nísàlẹ̀, tí wọ́n tú u, tí wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti jẹ ju ìlọ́po méjì ohun tó kù lọ. Rọ́bà tí ọwọ́ tètè kàn ń dá atẹ́gùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹyọ lítà kan kún sìlíńdà.

Ọ̀sà Èkó àti àwọn tó ń mòòkùn nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń mòòkùn ní Mainland Èkó kò lo rọ́bà kankan. Wọ́n jẹ́ awayanrìn ní Mákòókó àti àwọn àdúgbò ẹ̀bá ọ̀sà tó sún mọ́ ọn, níwájú Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní 1990. Awayanrìn a di òpó tàbí àkàbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ mú, a fi èémí ẹyọ kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú korobá, a kó iyanrìn sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, a sì gùn padà sókè láti dà á sínú ọkọ̀. Iyanrìn náà ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ní àkókò òjò, omi Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú ọ̀sà; ní àkókò ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun a tún padà wọlé.

Amòòkùn oníṣìlíńdà tó bá pàdé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ mọ ohun kan nípa rọ́bà kẹrin rẹ̀. Ẹni tó fi èémí orí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lè mú èémí rẹ̀ dání gòkè láìsí ewu, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó gbé lọ náà ló ń gbé bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mí ẹyọ èémí kan péré láti inú rẹ́gúlétọ̀ ní mítà 5, ìfúnpá èémí yẹn jẹ́ 1.5 bar, bí ó bá sì sé e mọ́nú bí ó ti mọ́ ọn lára, afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ̀ di ìlọ́po kan àbọ̀ kí ó tó yọrí lórí omi. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí jáde nígbà ìgòkè, oore tí wọ́n fẹ́ ṣe é lè pa á.

Fún amòòkùn ìgbafẹ́, òkùnkùn omi yìí ló ń dá ẹjọ́ láàárín ètò méjèèjì. Àwọ̀ yẹ́lò kò ní ìtumọ̀ níbi tí ojú kò ti ríran. Ẹnu àti abẹ́ àgbọ̀n jẹ́ ibi méjì tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè bá lójú dídì, ti ẹni tó ń fúnni àti ti ẹni tó ń gbà. Ṣùgbọ́n rọ́bà 210 sẹ̀ǹtímítà kò wúlò níbẹ̀. Àwọ̀n apẹja, okùn àti igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi kó ẹja jọ pọ̀ nínú ọ̀sà, gbogbo rọ́bà tó bá yọ jáde lára ni wọ́n lè mú. Géèjì pàápàá, àyà ni wọ́n ń de irú rẹ̀ mọ́, kì í jọ̀lọ̀ sísàlẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí rọ́bà kan gbọọrọ ń ti orí omi gbé atẹ́gùn wá láti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ní Philippines, àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa góòlù ń fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é. Kò sí ohun tó léwu tó o nínú gbogbo ohun tí à ń sọ yìí. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà kò ní asẹ́ tó lè yọ òórùn ọ́ìlì kúrò nínú afẹ́fẹ́, èéfín ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Gáàsì olóró inú èéfín bẹ́ẹ̀ kò ní òórùn, ìfúnpá omi sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di púpọ̀.

Ọ̀ràn Jascon-4

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù nípa fífún ẹlòmíràn ní èémí lábẹ́ omi Nàìjíríà kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ afàkọ̀ Jascon-4 dojú dé nínú òkun ní Escravos pẹ̀lú èèyàn 12 nínú rẹ̀, ó sì rì dé nǹkan bí 30 mítà. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, rí ihò afẹ́fẹ́ kan nínú yàrá kan, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 60 nínú òkùnkùn. Òun nìkan ló yè. Àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú ni wọ́n bá a pàdé. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ rò pé ti òkú ni, títí ọwọ́ náà fi dì í mú.

Rọ́bà àwọn amòòkùn wọ̀nyẹn ń gbé atẹ́gùn wá láti òkè, ó tún ń gbé omi gbígbóná àti okùn ìbánisọ̀rọ̀. Nítorí náà wọn kò bẹ̀rù pé sìlíńdà yóò tán bí wọ́n ti ń mú un bọ̀ nínú ọkọ̀ tó dojú dé. Wọ́n fi ohun ìmí bò ó lójú, wọ́n sì mú un wọ inú ìkòkò ìmòòkùn. Kò lè gòkè tààrà. Ara rẹ̀ ti fa gáàsì náítírójìn mu ní ìfúnpá 4 bar fún ọjọ́ méjì lé, bí wọ́n bá sì gbé e yọrí lójijì, gáàsì náà yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó lo nǹkan bí ọjọ́ méjì àbọ̀ mìíràn nínú yàrá ìfúnpá kí ó tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Okene kọ́ iṣẹ́ amòòkùn fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe rọ́bà, àti ooru

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Rọ́bà dúdú àtijọ́ wúwo, kì í sì í tẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àárẹ̀ rẹ̀ hàn: yóò sán lẹ́bàá irin ìdè rẹ̀ kí ó tó bẹ́. Rọ́bà tuntun tí wọ́n fi òwú ọ̀rá hun lóde fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì ṣeé ká sínú àpò ìrìnàjò, èyí tó mú kí àwọn tó ń wọ bàálù lọ sí Íjíbítì tàbí Kẹ́ńyà láti mòòkùn fẹ́ràn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìṣòro wà. Divers Alert Network, àjọ tó ń rí sí ààbò amòòkùn, ti kìlọ̀ pé ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe inú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lè jẹrà nítorí ooru àti ọ̀rinrin, kí ó sì di horo kéékèèké tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn. Òde rẹ̀ yóò máa dán bíi tuntun. Ooru àti ọ̀rinrin ni ojú ọjọ́ Èkó láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, nítorí náà ó ṣòro láti gba ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ohun èlò rẹ̀ sí Mushin tàbí Yábàá nímọ̀ràn pé kí ó fi rọ́bà híhun ṣe rọ́bà ìmí rẹ̀, àyàfi bí ó bá dá a lójú irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa ló burú jù láti tọ́jú rọ́bà sí, oríṣi yòówù kó jẹ́.

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lókìkí fún ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sì ṣòro láti rí rọ́bà alágbára níbi tí wọ́n bá ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì nínú ẹ̀rọ katakata lè gba ìfúnpá tó ju ti amòòkùn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Agbára kọ́ ni kò ní. Ọ́ìlì ló gbà á lérò pé yóò gbé, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá inú rẹ̀ ń yọ òórùn sínú afẹ́fẹ́. Bí sìlíńdà bá tún ní ọ́síjìn tó pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, ọ́ìlì tó kù nínú rọ́bà lè gbiná. Rẹ́gúlétọ̀ tó bá ìlànà EN 250 ti ilẹ̀ Yúróòpù mu ni wọ́n ti dán wò pẹ̀lú rọ́bà tirẹ̀. Lẹ́tà A lẹ́yìn nọ́ńbà náà fi hàn pé wọ́n tún dán an wò bí èèyàn méjì bá ń mí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ayẹ̀wò, ìfófòó ọṣẹ tí wọ́n ń fi wá ibi tí gáàsì ìdáná ti ń jò ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rọ́bà scuba pẹ̀lú. Wọ́n á ṣí sìlíńdà, wọ́n á fi ọṣẹ pa gbogbo ìdè, wọ́n á sì tẹ rọ́bà díẹ̀ lẹ́bàá irin láti wo bóyá ó sán. Ike tí àwọn kan fi ń bo ìdè rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, nítorí pé iyọ̀ máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, sísán náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọṣẹ kò lè fi horo inú rọ́bà híhun hàn, níwọ̀n bí kò ti jò. Àmì tirẹ̀ ni èémí tó ń le sí i láti fà, tàbí ìyẹ̀fun tó bọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá tú rọ́bà náà kúrò lára ìpele kejì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe rọ́bà sábà máa ń wà lára rẹ̀ nítòsí irin ìdè; ọdún 5 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún rẹ́gúlétọ̀ ṣe fi ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ooru bá ti pọ̀.